Kí ẹ tó ṣí òrùlé: ètò àti owó yàrá òkè àjà ní Ìlú Ọba

Nígbà tí ìyá mi wá bá wa tọ́jú ọmọ wa kẹta, inú pálọ̀ ló ń sùn, lórí àga tí a máa ń nà di bẹ́ẹ̀dì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tọ́ka sí ihò onígun mẹ́rin tó wà lókè àtẹ̀gùn, ó ní, "Kí lẹ̀ ń fi àjà yín ṣe?" Mo ní àpótí Kérésì àti báàgì tí a ò lò mọ́ ló wà níbẹ̀. Ó wò mí títí. Ní ilé tí wọ́n bí i sí ní Ìjẹ̀bú-Òde, orí àjà ni wọ́n ń kó àgbàdo sí. Kò yé e bí èèyàn ṣe lè fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àpótí òfìfo, kí ìyá ìyàwó ilé sì máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ loft, ìyẹn kí a sọ òkè àjà di yàrá, wọlé wa. Ó gba ọdún kan àti oṣù mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó sùn níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti kọ́lé rí nílé, tàbí tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́. A mọ bí wọ́n ti ń ṣe é: ẹ ra bílọ́ọ̀kù lọ́dún yìí, ẹ gbé e dé orí fèrèsé lọ́dún tó ń bọ̀, bí owó bá tán, koríko á máa hù nínú pálọ̀ títí Ọlọ́run á fi ṣe é. Ilé ò ní bínú. Àṣà yẹn gan-an ló ń kó wa sí gbèsè níbí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti ṣí táìlì orí ilé yín ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí ìdúró mọ́. Abẹ́ rẹ̀ lẹ̀ ń gbé, òjò ń rọ̀, irin scaffold tí wọ́n tò yí ilé ká á máa jẹ owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí iṣẹ́ bá ti kọjá àsìkò tí ẹ dá. Nítorí náà, gbogbo owó iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti ní ibi tó ti ń bọ̀ kí wọ́n tó yọ táìlì àkọ́kọ́. Orí ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo kọ yìí dúró lé.

Òfin England ni mo ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Scotland, ìwé building warrant lẹ máa gbà, òfin ògiri àjùmọ̀ní tí mo máa mẹ́nu bà kò sì dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ mú téèpù, ẹ gun òkè

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ mú téèpù ìwọ̀n àti tọ́ọ̀ṣì, ẹ gun àkàbà lọ. Orí igi àjà ni kí ẹ máa tẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀ sáàárín, yàrá ìsàlẹ̀ lẹ máa já sí. Ẹ wọ̀n ọ́n láti orí igi àjà dé abẹ́ igi ṣóńṣó òrùlé. Mítà 2.2 ni àwọn akọ́lé sábà máa ń wá. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ṣì lè ṣeé ṣe, àmọ́ ó lè gba kí wọ́n sọ àjà yàrá ìsàlẹ̀ kalẹ̀ tàbí kí wọ́n gbé òrùlé sókè, ìnáwó míì sì nìyẹn.

Tiwa jẹ́ 2.35. Inú mi dùn, àfi ìgbà tí ayàwòrán ilé jókòó tì mí tó ṣàlàyé pé igi ilẹ̀ tuntun á gbé ilẹ̀ sókè, ohun tí wọ́n fi ń dá òtútù dúró á sì fa òkè wá sílẹ̀. Mítà 2.08 ló ṣẹ́ kù fún wa láti dúró sí. Ọkọ mi ga ní 1.88: ní àárín ó nàró dáadáa, ní ẹ̀gbẹ́ ó ń tẹrí ba bí ẹni tó ń kí ọba.

Ẹ tún wo bí igi òrùlé ṣe tò. Bí ẹ bá rí igi tó dà gẹ̀rẹ̀ wá láti òkè, tí àárín sì ṣófo, ire yín ni. Bí igi tẹ́ẹ́rẹ́ bá dábùú síra wọn bíi lẹ́tà W, trussed roof nìyẹn, irú èyí tó gbòde láti àwọn ọdún 1960. Àwọn igi yẹn ló so òrùlé ró; wọn kò ṣeé gé àfi kí irin ti gba ipò wọn, ìyẹn sì máa ń gbówó lórí. Ẹ wo bóyá táńkì omi wà níbẹ̀, nítorí ó máa kúrò. Bí wọ́n bá kọ́ ilé náà ṣáájú ọdún 2000, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún asbestos, ohun ìkọ́lé àtijọ́ tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹnikẹ́ni tó fi ayùn kan nǹkan. Bí ẹ bá sì rí ìgbẹ́ àdán, ẹ dúró. Òfin ilẹ̀ yìí ń dáàbò bo àdán láti ọdún 1981; ẹ kò lè gbá wọn síta bí a ṣe máa ń ṣe nílé.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú fúláàtì: pé ihò àjà wà lórí kọ́rídọ̀ yín kò sọ àjà náà di tiyín. Ẹ ka ìwé lease, ìyẹn ìwé àdéhùn tí ẹ fi ní fúláàtì náà fún iye ọdún tí wọ́n dá. Nígbà púpọ̀, ẹni tó ni freehold, ìyẹn ilé àti ilẹ̀ rẹ̀ gan-an, ló ni òrùlé àti àyè abẹ́ rẹ̀, ẹ sì máa ra àyè náà tàbí kí ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí àwòrán. Ilé tí wọ́n rà lọ́wọ́ káńsù náà lè ní àdéhùn nínú ìwé rẹ̀ tó ní kí ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó fi nǹkan kún un.

Àtẹ̀gùn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Fèrèsé ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń rò. Ṣùgbọ́n ibi tí àtẹ̀gùn máa gbà ló ń pinnu bóyá iṣẹ́ náà tó ṣe rárá. Kò gbọ́dọ̀ ga gẹ̀rẹ̀ ju dígírì 42 lọ, àyè orí ẹni tó ń gùn ún sì yẹ kó tó mítà 2. Níbi tí òrùlé bá ti dà, wọ́n lè gbà kí ó jẹ́ 1.9 ní àárín àtẹ̀gùn àti 1.8 ní ẹ̀gbẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé òpin àtẹ̀gùn ní láti bọ́ sí ibi tí òrùlé ti ga, kò sì jọ pé ibẹ̀ lẹ máa fẹ́ kó wà.

Ó dára jù bí ó bá lè gun orí àtẹ̀gùn tó wà nílẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, yàrá kan nísàlẹ̀ ló máa san án. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Dagenham gbé àtẹ̀gùn gba inú yàrá kékeré. Yàrá náà di ibi tí wọ́n ń lọṣọ. Ó jèrè yàrá kan, ó pàdánù kan, ó sì san owó ńlá lórí pàṣípààrọ̀ náà. Ẹ ní kí ayàwòrán fi àwòrán àtẹ̀gùn hàn yín kí ẹ tó jẹ́ kó ya ohunkóhun mìíràn.

Ní ti irú òrùlé: èyí tó dín owó jù ni kí ẹ kàn fi fèrèsé sára òrùlé bó ṣe wà. Dormer ni àpótí tí wọ́n ń yọ sẹ́yìn ilé, tó ń sọ òrùlé tó dà di àyè tó ṣeé nàró nínú rẹ̀. Òun lẹ máa rí lẹ́yìn ilé púpọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé onímejì (semi-detached, ilé méjì tó so mọ́ra) tí òrùlé rẹ̀ dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè lo hip-to-gable, ìyẹn kí wọ́n sọ ẹ̀gbẹ́ tó dà di ògiri tó nàró. Mansard, èyí tí wọ́n ń tún òrùlé kọ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ nàró bí ògiri, rẹwà, àmọ́ ó sábà máa ń gba àṣẹ káńsù, òun ló sì gbówó lórí jù. Àfi ẹni tí owó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ jù; ẹlòmíràn, kó fi mansard sílẹ̀.

Ìwé mẹ́ta tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dà pọ̀

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé "káńsù ti gbà" láì mọ èyí tí káńsù gbà níbẹ̀.

Èkíní ni planning, ìyẹn àṣẹ káńsù láti yí ìrísí ilé padà. Ilé tó jẹ́ ilé odindi, kì í ṣe fúláàtì, sábà máa ń ní ẹ̀tọ́ tí wọ́n ń pè ní permitted development: ẹ lè fi mítà kúbíìkì 40 kún òrùlé ilé tó so mọ́ra ní ìlà, 50 fún ilé onímejì tàbí èyí tó dá dúró, láì béèrè àṣẹ. Àfikún náà kò gbọ́dọ̀ ga ju ṣóńṣó òrùlé lọ, kò gbọ́dọ̀ yọ sí iwájú níbi tí ilé dojú kọ títì, kò gbọ́dọ̀ ní bákónì, ohun tí wọ́n fi bò ó sì gbọ́dọ̀ jọ ti ilé. Fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ gíláàsì tí a kò lè rí inú rẹ̀, tí kò sì ṣeé ṣí nísàlẹ̀ mítà 1.7 láti ilẹ̀ yàrá. Bí ilé yín bá wà ní conservation area, ìyẹn àdúgbò tí wọ́n ń dáàbò bo ìrísí rẹ̀, ẹ̀tọ́ yìí kò sí fún òrùlé. Ohun tí ẹni tó ta ilé fún yín bá ti fi kún òrùlé tẹ́lẹ̀, ara 40 tàbí 50 yẹn ni wọ́n máa kà á sí.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Dormer tó fẹ̀ ní mítà 5, tó ga ní 2.4, tó jìn ní 4: ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ síra, ẹ pín in sí méjì nítorí pé òrùlé dà. Kúbíìkì 24 nìyẹn. Lóòótọ́ kò pọn dandan, àmọ́ èmi gbà yín níyànjú pé kí ẹ gba lawful development certificate, ìwé ẹ̀rí káńsù pé iṣẹ́ náà bófin mu. Ìdajì owó planning ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta ilé, lọ́yà ẹni tó fẹ́ rà á máa béèrè.

Èkejì ni building regulations, èyí kò sì ní àyè fífò, ìbáà ṣe pé ẹ kò nílò planning. Òun ló ń wo bóyá ilẹ̀ náà lè gbé èèyàn, bóyá irin tó, bóyá òtútù ò ní wọlé. Ibi tó ti máa ń ká wa mọ́ ni ti iná. Ilé tó ní ìsàlẹ̀ àti òkè kan, tó bá wá ní òkè kejì, gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí èèyàn lè gbà sáré jáde láti òkè dé ẹnu ọ̀nà láì gba àárín èéfín kọjá. Ìlẹ̀kùn yàrá tó ṣí sí ọ̀nà àtẹ̀gùn á di ìlẹ̀kùn tó ń dá iná dúró, agogo èéfín tí wọ́n so mọ́ iná mànàmáná á wà ní àjà kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀kan bá dún gbogbo wọn á dún. Ẹ̀yin tí ẹ ti wó ògiri láàárín pálọ̀ àti àtẹ̀gùn kí ilé lè fẹ̀, ẹ lè ní láti dá ògiri náà padà, tàbí kí ẹ fi omi apaná sí i. Ìlẹ̀kùn mẹ́fà ni a pààrọ̀. Kò sí ọ̀kan tó wà nínú iye tí akọ́lé kọ́kọ́ pè.

Ẹ̀kẹta ni ti aládùúgbò: Party Wall Act ti ọdún 1996. Bí irin yín bá máa wọnú ògiri tí ẹ̀yin àti ẹni ẹ̀gbẹ́ jọ ni, ẹ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé ní oṣù méjì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọjọ́ 14 láti fèsì. Bí kò bá fèsì, òfin kà á sí pé kò gbà, surveyor (ẹni tó ń parí ọ̀rọ̀ ògiri náà láàárín yín) á wọ̀ ọ́, ẹ̀yin lẹ sì sábà máa san owó rẹ̀, títí kan ti surveyor tirẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé ṣáájú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo dín púfúpúfù, mo gbé e lọ sí ilé ọ̀tún àti tòsì, mo fi àwòrán hàn wọ́n, mo sọ oṣù tí ariwo máa bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà ọwọ́ ọ̀tún buwọ́ lùwé lórí tábìlì ìdáná rẹ̀. Ti ọwọ́ òsì jẹ púfúpúfù, kò fèsì ìwé. Surveyor wọ̀ ọ́.

Owó

Ìṣirò tiwa rèé, ilé tó so mọ́ra ní ìlà, dormer lẹ́yìn, yàrá kan àti ilé ìwẹ̀ kékeré. Ẹ má fi iye rẹ̀ ná akọ́lé yín, owó ọjà ń yí padà; bí ìlà kan ṣe ń tẹ̀ lé òmíràn ni kí ẹ wò.

Ayàwòrán: £1,800.
Ẹnjiníà tó ṣírò irin: £900.
Ìwé ẹ̀rí káńsù àti àwòrán ilẹ̀: £300.
Building control, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ fún building regulations: £900.
Surveyor ti ọwọ́ òsì: £2,000.
Akọ́lé: £52,000.
VAT ìdá 20 nínú 100 lórí ti akọ́lé: £10,400.
Bọ́ìlà tuntun, nítorí ti tẹ́lẹ̀ kò lè gbé ilé ìwẹ̀ kejì: £3,000.
Ìlẹ̀kùn mẹ́fà, táìlì, kápẹ́ẹ̀tì, ọ̀dà, kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n gé bá òrùlé tó dà: £5,500.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £76,800. Ẹ fi ìdá 10 nínú 100 sí i fún ohun tí kò sẹ́ni tó rò, ìyẹn £7,680, ó di £84,480. Akọ́lé pe £52,000, òun náà ni ọkọ mi sì ń sọ fún àwọn èèyàn fún oṣù mẹ́ta, títí mo fi kọ ìwé yìí lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì.

Nítorí náà, bí ẹ bá gba iye lọ́wọ́ akọ́lé mẹ́ta, ẹ má fi èyí tó kéré jù wé èyí tó pọ̀ jù báyìí lásán. Ẹ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àwòrán kan náà àti ìṣirò ẹnjiníà kan náà, kí ẹ wá bi wọ́n: Ṣé VAT wà nínú rẹ̀? Ṣé scaffold wà nínú rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó? Ta ló ń kó ìdọ̀tí? Ṣé ìlẹ̀kùn wà nínú rẹ̀? Ta ló ń ra táìlì? Ẹni tó kéré jù nínú tiwa ló wá pọ̀ jù nígbà tí ó dáhùn tán.

Ẹnì kan á sọ pé, "Àùńtí, ẹ san káàṣì, kí n yọ VAT." Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ pe ẹlòmíràn. Bí kò bá sí rìsíìtì, kò sí ohun tí ẹ máa fi dá a mú lọ́jọ́ tí òjò bá wọlé.

Ibi tí owó ti ń wá

Ajọ wúlò, bí ẹ bá mọ ibi tó yẹ. Àwa méjìlá ló ń dá £500 lóṣù, ẹni tó bá kàn á kó £6,000. Kò lè kọ́ òkè àjà, àmọ́ ẹ wo ìlà márùn-ún àkọ́kọ́ nínú ìṣirò mi: £5,900 ni. Mo bẹ olórí ajọ kó gbé mi sí ipò kẹta, owó ìwé gbogbo sì jáde níbẹ̀ láì kan báǹkì. Bí àwòrán bá fi hàn pé àtẹ̀gùn ò ní ibi gbà, owó ajọ lẹ ná, ẹ kò tíì wọ gbèsè.

Èyí tó pọ̀ máa ń wá láti ara mọ́gééjì: ẹ lè gba àfikún lọ́wọ́ ẹni tó yá yín, tàbí kí ẹ tún un gbà níbòmíràn nígbà tí àdéhùn bá parí. Ẹ ṣọ́ra fún owó ìtanràn bí ẹ bá já àdéhùn kí ó tó tán. Ẹ sọ fún ẹni tó yá yín lówó ilé pé ẹ fẹ́ ṣí òrùlé, kí ẹ sì sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò. Ìwé ìbánigbófò lásán lè má bo ilé tí òrùlé rẹ̀ wà ní ṣíṣí.

Bí ẹ bá ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ìkòròdú tàbí Ṣàgámù, ẹ dá a dúró fún ọdún kan. Tọ̀hún ló ṣeé dá dúró. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń bá yín mójú tó o á máa pè lóròòru pé sìmẹ́ǹtì ti fẹ́ gbówó lórí.

Àwọn kan ń rò ó pé àwọn á fi yàrá náà gba ayálégbé. Bí ó bá jẹ́ ilé tí ẹ̀yin fúnra yín ń gbé, òfin Rent a Room jẹ́ kí ẹ gba £7,500 lọ́dún láì san owó orí. Ṣùgbọ́n bí èèyàn márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá ń gbé ibẹ̀ tí wọn kì í ṣe ìdílé kan, ẹ bi káńsù nípa ìwé HMO (ìwé àṣẹ fún ilé tí àwọn tí kì í ṣe ìdílé kan jọ ń gbé) kí ẹ tó gbé bẹ́ẹ̀dì sí i.

Bí ẹ ṣe máa sanwó

Ẹ so owó mọ́ iṣẹ́ tí ojú lè rí, kì í ṣe mọ́ ọjọ́ Friday. Tiwa lọ báyìí: díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, omíràn nígbà tí irin àti igi ilẹ̀ bá wọlé, omíràn nígbà tí òjò ò lè wọlé mọ́, omíràn lẹ́yìn wáyà àti páìpù, omíràn lẹ́yìn pílásítà. A di ìdá 5 nínú 100 mú títí ìwé completion certificate, ìwé tí building control fi ń jẹ́rìí pé iṣẹ́ parí bó ṣe yẹ, fi dé.

A ṣe àṣìṣe kan. Akọ́lé náà ní ọmọọṣẹ́ òun ń rìnrìn àjò, ó bẹ̀ wá kí a san owó pílásítà ṣáájú, a sì san án. Ó sáré fi plasterboard bo gbogbo rẹ̀ kí aṣàyẹ̀wò tó dé. Aṣàyẹ̀wò náà wọlé ní Tuesday, ó fi ìka kan ògiri, ó béèrè fọ́tò ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí fọ́tò. Wọ́n là á sílẹ̀ ní ibi mẹ́rin. Ní méjì nínú rẹ̀, òfìfo ni, kò sí ohun tó ń dá òtútù dúró níbẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ṣòfò, a kò sì ní ohun tí a lè fi mú akọ́lé yára, nítorí owó rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ máa ya fọ́tò gbogbo ògiri lálaalẹ́, kí ẹ tó lọ sùn. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Ní ti àsìkò: ayàwòrán gba tiwa ní oṣù kan, káńsù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ fún ìwé ẹ̀rí, ìwé aládùúgbò ní oṣù méjì. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì ìkẹ́yìn yìí máa lọ pọ̀. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá dípò mẹ́wàá. Ẹ gbìyànjú kí òrùlé ṣí láàárín April sí September.

Ìyá mi kò sùn níbẹ̀. Orúnkún rẹ̀ wo àtẹ̀gùn náà lẹ́ẹ̀kan péré. Àwọn ọmọkùnrin ló gòkè, òun gba yàrá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ́ ọ nítorí àgbàlagbà, ẹ ti mọ ẹni tó máa kó kúrò fún un.

Ẹ má san ìdá 5 yẹn kí ìwé wọ̀nyí tó pé lọ́wọ́ yín: completion certificate, ìwé ẹ̀rí káńsù, ìwé ẹ̀rí iná mànàmáná, ti Gas Safe (àwọn tó ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́ gáàsì) fún bọ́ìlà, ìwé ògiri àjùmọ̀ní, ìṣirò ẹnjiníà, ìwé ìdánilójú fèrèsé. Tiwa wà nínú àpò náílọ́nù kan náà pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ Ìkòròdú.